Mozilla pa ìlérí rẹ̀ rẹ́: bùráúsà wo ló kù tí a lè fi àṣírí wa lé lọ́wọ́?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbéèrè kan wà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ Mozilla, ìyẹn àwọn tó ṣe Firefox, tí wọ́n máa ń fi í yangàn. Ìbéèrè náà ni pé, ṣé Firefox máa ń ta ìsọfúnni nípa àwọn tó ń lò ó? Ìdáhùn tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò gùn: àwọn kò tà á rí, àwọn kò sì ní tà á láé. Nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2025 fi máa parí, àwọn tó lọ síbẹ̀ kò bá ìbéèrè náà mọ́, wọn kò sì bá ìdáhùn. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò láìpariwo.

Yorùbá ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìbínú tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí kò kéré, pàápàá láàrin àwọn tó fi Firefox ṣe ibi ìsádi nítorí pé wọn kò fẹ́ kí Google máa tọ ipasẹ̀ wọn kiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn ń kó ẹrù àwọn lọ síbòmíràn. Ìbéèrè tó wá ń jà ràn-ìn nílẹ̀ ni pé, ibòmíràn wo? Bí a bá tú ìdí àwọn tó kù wò, a ó rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí kò ti sọ ohun kan lónìí, tó sì ṣe òmíràn lọ́la.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan lèyí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun tí bùráúsà jẹ́. Òun ni ètò tí èèyàn ń ṣí lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kó tó lè wo ohunkóhun lórí ayélujára: Chrome, Opera Mini, Safari, Firefox àtàwọn ẹgbẹ́ wọn. Ọmọ tó fẹ́ wo èsì JAMB, oníṣòwò tó fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là, abiyamọ tó fẹ́ mọ ìdí tí ara ọmọ rẹ̀ fi ń gbóná lóru, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Báńkì mọ owó wa, dókítà mọ àìsàn wa, àlùfáà sì mọ ohun tí à ń gbàdúrà fún. Ṣùgbọ́n bùráúsà ló wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń béèrè ohun tí ojú ń tì wá láti bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́nu àwa tí a wà ní Nàìjíríà, bí a bá ti dárúkọ dátà, ohun tí à ń rà lọ́wọ́ MTN tàbí Glo là ń sọ. Dátà tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń du mọ́ra wọn lọ́wọ́ yàtọ̀ síyẹn. Tàkọ́kọ́ là ń fowó rà. Èkejì là ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ló wá ń fi í pa owó.

Bí wọ́n ṣe ń pa owó náà kò le láti yé èèyàn. Lọ́dún 1994, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ Netscape, Lou Montulli, dá ohun kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kúkì. Bíi káàdì ilé-ìwòsàn ló rí. Bí ẹ bá dé ìkànnì kan lónìí, wọ́n á há káàdì fún bùráúsà yín. Bí ẹ bá padà débẹ̀ lọ́la, wọ́n á fi káàdì náà mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wá lánàá. Kò sí aburú nínú ìyẹn, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ wa níṣẹ̀ẹ́jú-ìṣẹ́jú. Aburú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn onípolówó ọjà rí i pé àwọn náà lè wọ inú ilé onílé lọ há káàdì tiwọn. Ẹ wọ ìkànnì tí ẹ ti ń ka ìròyìn, onípolówó wà níbẹ̀. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà, ó wà níbẹ̀. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé àrùn ìtọ̀ ṣúgà, ó ti débẹ̀ ṣáájú yín. Káàdì kan náà ló ń yẹ̀ wò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ti mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Kúkì àjèjì la ó máa pe irú èyí.

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo fi alẹ́ ọjọ́ kan wá iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí ìyá mi. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ́yìn náà, ibi yòówù kí n yà sí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń gbé síwájú mi, títí kan ibi tí mo ti ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n rí ojú fóònù mi béèrè lọ́wọ́ mi pé ìgbà wo ló ti ń ṣe mí tí n kò sọ fáwọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni lọ́jọ́ náà. Ká ní ọ̀gá níbi iṣẹ́ ló rí i ńkọ́, tàbí ká ní àìsàn tí kò ṣe é dárúkọ ni?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Mozilla. Lọ́jọ́ 26, oṣù Kejì, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ náà gbé ìwé àdéhùn ìlò jáde fún Firefox. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí rí láti ọdún 2004 tí Firefox àkọ́kọ́ ti jáde. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá ti gba inú Firefox kọ nǹkan tàbí fi nǹkan ránṣẹ́, ó ti fún Mozilla láṣẹ jákèjádò ayé, láìgba kọ́bọ̀, láti lo ohun náà láti fi bá a ṣe ohun tó ń fẹ́ lórí ayélujára. Àwọn èèyàn gbaná jẹ. Ṣé lẹ́tà tí mo kọ sí ìyàwó mi náà ni mo ti fún wọn láṣẹ lé lórí ni? Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí Mozilla fi tún gbólóhùn náà kọ, tí wọ́n sì fi kún un pé àṣẹ náà kò sọ ohun tí èèyàn kọ di tàwọn.

Ní ti ìlérí tí wọ́n yọ, àwíjàre wọn ni pé òfin ló fà á. Wọ́n tọ́ka sí òfin ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, tó fẹ ìtumọ̀ títà lójú débi pé bí ilé-iṣẹ́ kan bá fún òmíràn ní ìsọfúnni nípa èèyàn, tó sì rí ohunkóhun tó níye lórí gbà dípò rẹ̀, ìbáà má jẹ́ owó, títà náà ni. Mozilla gbà pé àwọn máa ń fún àwọn tí àwọn jọ ń ṣòwò ní ìsọfúnni díẹ̀, nítorí ìpolówó tó máa ń wà lójú ewé tuntun nínú Firefox àti àbá onípolówó tó máa ń yọ nígbà tí èèyàn bá ń tẹ ọ̀rọ̀ síbi ìwákiri. Wọ́n ní àwọn máa ń yọ ohun tó lè fi ẹni náà hàn kúrò, tàbí kí àwọn da ti ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ kí àwọn tó fi ránṣẹ́.

Ní tèmi, àwíjàre yìí kò ṣe é dà nù pátápátá. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń bẹ̀rù ẹjọ́ yóò gba agbẹjọ́rò láàyè láti tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí òfin California fi fẹ ìtumọ̀ títà lójú? Ohun tó fà á ni pé àwọn oníṣòwò ti sọ ọ́ di àṣà láti máa ta ìsọfúnni, kí wọ́n sì máa pè é ní àjọṣe, ìpín tàbí ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Bí òfin bá wá dé, tó sì pe nǹkan lórúkọ rẹ̀, ẹni tí kò lè sọ pé òun kò tà mọ́ kò lè máa di ẹ̀bi ru òfin. Yàtọ̀ síyẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Mozilla ra Anonym, ilé-iṣẹ́ ìpolówó tí àwọn tó ti jẹ́ ọ̀gá ní Meta rí dá sílẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ohun kan sínú Firefox tó ń bá àwọn onípolówó ka iye èèyàn tí ìpolówó wọn mú rajà. Títàn ni wọ́n tàn án sílẹ̀, wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ noyb, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àṣírí, kọ̀wé ẹ̀sùn lé e lórí sí ìjọba Austria ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.

Kí ló ń lé Mozilla sáré bẹ́ẹ̀? Ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Eric Muhlheim, tó jẹ́ alábòójútó ètò ìnáwó Mozilla, jẹ́rìí níwájú ilé-ẹjọ́ ní Washington. Ó ní nínú gbogbo owó tó ń wọlé fún àwọn, nǹkan bíi 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ti ara Firefox wá, nǹkan bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún tìyẹn ló sì ń ti ọwọ́ Google wá. Ẹ tún un kà. Google tí àwọn èèyàn ń sá fún ló ń bọ́ ilé tí wọ́n sá lọ. Ohun tí Google ń san owó náà fún ni pé, bí èèyàn bá ṣí Firefox tó tẹ ohun tó ń wá, ọ̀dọ̀ Google ni kí ìbéèrè náà kọ́kọ́ lọ, àyàfi bí onítọ̀hún bá fọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà.

Kì í ṣe Mozilla nìkan ló ń jẹ nínú oúnjẹ yìí. Ẹ̀rí tó jáde níwájú ilé-ẹjọ́ kan náà fi hàn pé lọ́dún 2021 nìkan, bílíọ̀nù 26.3 dọ́là ni Google san fún onírúurú ilé-iṣẹ́ kí òun lè wà nípò àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀, àti pé Apple tó ni Safari gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là lọ́dún 2022. Ìjọba Amẹ́ríkà ló pe Google lẹ́jọ́. Lọ́jọ́ 5, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024, Adájọ́ Amit Mehta dá a pé Google rú òfin, ó sì fi ọ̀nà ẹ̀bùrú jẹ gàba lórí ọjà ìwákiri. Ìjọba ní kí wọ́n pàṣẹ fún un kó ta Chrome. Nígbà tí ìdájọ́ ìjìyà jáde lọ́jọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, adájọ́ kò gbà kí Chrome di títà, kò sì ní kí Google má sanwó fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó kà léèwọ̀ ni àdéhùn tí yóò sọ pé Google nìkan ni kí wọ́n lò. Mozilla ti sọ ṣáájú pé bí wọ́n bá dá owó náà dúró pátápátá, ó lè jẹ́ òpin Firefox. Wọ́n mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ pé adájọ́ kan ní ìlú kan lè fi gbólóhùn kan gba oúnjẹ lẹ́nu òun, dandan ni kó máa wá oúnjẹ míràn, ìpolówó ọjà ló sì sún mọ́ ọn jù lọ. Ibẹ̀ ni mo rò pé ìlérí tí wọ́n pa rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kí agbẹjọ́rò tó dé.

Chrome ńkọ́, tí iye àwọn tó ń lò ó lágbàáyé ju ìdajì lọ dáadáa? Tirẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ilé-iṣẹ́ tó ń jẹun lórí ìpolówó ló ni ín. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, Google kéde pé láàrin ọdún méjì, Chrome kò ní gba kúkì àjèjì láyè mọ́. Nígbà náà, Firefox ti ń dènà ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ọdún 2019, Safari sì dí ọ̀nà mọ́ gbogbo wọn ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Ọdún méjì ti Google di 2023, 2023 di 2024, 2024 di 2025. Ní oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n ní àwọn kò ní pa kúkì náà mọ́, pé àwọn yóò kàn máa bi èèyàn bóyá ó fẹ́ ẹ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n ní àwọn kò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́ náà. Bí ìlérí ọdún márùn-ún ṣe wọlẹ̀ nìyẹn. Ká sòótọ́, kì í ṣe Google nìkan ló wà ní ìdí ẹ̀: àwọn onípolówó míràn àti àjọ tó ń mójú tó ìdíje nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rù pé bí Chrome bá pa kúkì àwọn ẹlòmíràn, Google nìkan ni yóò ku ẹni tó mọ ohun gbogbo.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè bá wọn dí ti Incognito. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà gbọ́ pé bí àwọn bá ti ṣí ojú ewé dúdú yẹn, tó ní fìlà àti awò ojú, kò sẹ́ni tó rí àwọn mọ́. Wọ́n pe Google lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020, ó kéré tán bílíọ̀nù 5 dọ́là ni wọ́n ní kó san. Nínú àdéhùn tí wọ́n gbé wá síwájú ilé-ẹjọ́ lọ́jọ́ 1, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, Google gbà láti pa àìmọye bílíọ̀nù àkọsílẹ̀ rẹ́, èyí tí wọ́n kó jọ nígbà tí àwọn èèyàn rò pé àwọn wà ní bòókẹ́lẹ́. Kò san kọ́bọ̀ fún àwọn olùpẹ̀jọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Ohun tí Incognito ń ṣe ni pé kì í kọ ibi tí ẹ lọ sínú fóònù yín. Ìyàwó tàbí ọkọ lè má rí i. Ìkànnì tí ẹ lọ rí yín kedere, ọ̀gá tó ni íntánẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ sì lè rí orúkọ ibi tí ẹ yà sí.

Ohun kan tún wà tó burú ju kúkì lọ, wọ́n ń pè é ní ìtẹ̀ka. Kúkì ṣe é parẹ́, ìtẹ̀ka kò ṣe é parẹ́. Ó máa ń wo irú fóònù tí ẹ ní, bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, èdè tó ń sọ, aago ibi tí ẹ wà àti oríṣiríṣi nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀, yóò pa wọ́n pọ̀, yóò sì fi mọ̀ yín láàrin èrò. Lọ́dún 2019, Google fúnra rẹ̀ sọ pé ìwà yìí kò dára. Nígbà tó fi di ọjọ́ 16, oṣù Kejì, ọdún 2025, òfin tuntun tó ṣe fún àwọn tó ń bá a polówó kò kà á léèwọ̀ mọ́. Àjọ ICO tó ń dáàbò bo àṣírí ará ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, wọ́n ní ìwà àìbìkítà ni. Láàrin ìgbà yẹn kan náà ni Chrome ń ti uBlock Origin síta, ìyẹn àfikún tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dènà ìpolówó. Google ní nítorí ààbò ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà nítorí rẹ̀ la kì í kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Àwọn tó wá sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì yìí, ibo ni wọ́n ń lọ? Àwọn kan ń lọ sí Brave, tí Brendan Eich dá sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ Mozilla. Brave ń dènà ìpolówó àti kúkì àjèjì láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù, ìyẹn dára púpọ̀. Síbẹ̀ lọ́dún 2020, àṣírí tú pé bí èèyàn bá tẹ àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ Binance sínú rẹ̀, Brave máa ń rọra fi àmì tirẹ̀ kún un, kó lè rí owó ẹni-tó-mú-oníbàárà-wá gbà. Eich tọrọ àforíjì, wọ́n sì yọ ọ́. DuckDuckGo náà, tí orúkọ rẹ̀ kò ju ìpamọ́ àṣírí lọ: lọ́dún 2022, olùwádìí kan rí i pé bùráúsà rẹ̀ ń jẹ́ kí àwọn atọpasẹ̀ Microsoft kọjá nítorí àdéhùn òwò tó wà láàrin wọn. Ó tó oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó dí ọ̀nà náà. Safari kò burú, àmọ́ àwọn tó ní ẹ̀rọ Apple nìkan ló wà fún, àwọn yẹn kò sì pọ̀ láàrin wa.

Èyí tó kàn wá jù ni Opera Mini. Ta ni kò lò ó rí nílẹ̀ wa láyé Nokia? Nígbà tí fóònù kò lágbára, tí dátà sì wọ́n bí ojú, Opera Mini ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ayélujára jẹ́. Nílùú Èkó náà sì ni ilé-iṣẹ́ Opera ti bẹ̀rẹ̀ OPay lọ́dún 2018. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tó fi ń dín dátà kù. Bí ẹ bá fi í síbi tó ti ń dín in kù jù lọ, fóònù yín kì í lọ sí ìkànnì náà fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà Opera ló ń bá yín lọ, òun ló ń ṣí ojú ewé náà, tí yóò fún un pọ̀, tí yóò wá fi ránṣẹ́ sí yín. Bí ìgbà tí èèyàn rán ọmọ lọ gba lẹ́tà, tí ọmọ sì gbọ́dọ̀ já lẹ́tà náà kó tó lè gbé e wá ni. Kò sẹ́ni tó ní ọmọ náà ń ròyìn kiri. Àmọ́ ó ti kà á. Láti ọdún 2016 ló sì ti di pé àwọn olówó ilẹ̀ Ṣáínà ló ni Opera tó jẹ́ ti Norway tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń wo èsì bọ́ọ̀lù lè máa lò ó lọ. Ní tèmi, n kò ní fi irú rẹ̀ wọ inú àkáǹtì báńkì mi.

Tor ló lágbára jù nínú gbogbo wọn, nítorí ibi mẹ́ta ló máa ń gbé èèyàn gbà kó tó dé ibi tó ń lọ, tí ẹnì kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì ní mọ ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ papọ̀. Ó ń falẹ̀, àwọn ìkànnì míràn kì í sì í gbà á wọlé. Oníròyìn tó ń wádìí àwọn alágbára nílò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ kò nílò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ rèé. Inú igi ẹ̀rọ Firefox ni wọ́n ti gbẹ́ Tor. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbẹ́ LibreWolf tí ọ̀pọ̀ àwọn tó bínú ń sá lọ. Brave, Opera, Edge ti Microsoft àti Vivaldi, inú igi ẹ̀rọ Chrome tí Google ń tọ́jú ni wọ́n ti gbẹ́ gbogbo wọn. Bí a bá yọ ti Apple kúrò, igi méjì péré ló dúró, ọ̀kan nínú wọn sì ti gbẹ débi pé àwọn tó ń lo Firefox kò tó 3 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Ẹni tó bá fi ìbínú sọ pé kí Firefox kú, tó sì gbé LibreWolf dání, àfi kó yáa ronú ibi tí LibreWolf yóò ti rí omi mu. Bí ó bá wá ku Chrome nìkan, ohun tí Google bá fẹ́ ni gbogbo ìkànnì yóò máa ṣe, nítorí kò ní sí ẹlòmíràn tí wọ́n máa kọ ọ́ fún.

Òfin wa nílé ńkọ́? Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì sọ pé dídákẹ́ èèyàn kì í ṣe ìgbàṣẹ. Ohun tí wọ́n bá tàn sílẹ̀ fún yín láìbéèrè, ó yẹ kí òfin yìí lè bá wọn wí nípa rẹ̀. A sì ti rí i pé ó ṣeé ṣe láti bá àwọn ńlá jà. Nígbà tí WhatsApp yí ìlànà rẹ̀ padà lọ́dún 2021, tó ní ẹni tí kò bá gbà kó má lò ó mọ́, àjọ FCCPC tó ń jà fún oníbàárà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ní oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, wọ́n ní kò fún ọmọ Nàìjíríà ní irú ẹ̀tọ́ tó fún àwọn ará Yúróòpù. Meta pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà sì fọwọ́ sí owó ọ̀hún ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ọdún mẹ́ta ó lé ni ìwádìí yẹn gbà kí wọ́n tó bu owó ìtanràn rárá. Láàrin àkókò yẹn, gbogbo wa ti tẹ "Agree", a sì ti gbàgbé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń dúró de bùráúsà tí kò ní yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láé, yóò pẹ́ níbi ìdúró. Ohun tí mo máa ń wò kí n tó yàn ni ẹni tó ń bọ́ ilé-iṣẹ́ náà, àti ohun tí bùráúsà rẹ̀ ń ṣe kí n tó fọwọ́ kàn án. Pẹ̀lú ìwọ̀n yìí, Firefox ṣì wà lórí fóònù mi lẹ́yìn gbogbo ìbínú mi, nítorí pé lórí Android, Firefox gba uBlock Origin, Chrome orí fóònù kò sì gba àfikún kankan rárá. Brave ni mo gbé sórí fóònù ìyá mi, nítorí wọn kò ní tún nǹkan kan ṣe lórí rẹ̀, Brave sì ń dènà fúnra rẹ̀.

Nínú Firefox, ẹ lọ sí "Settings", ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Enhanced Tracking Protection" sí, ẹ yí i sí "Strict". Ẹ lọ síbi "Homepage", ẹ pa gbogbo ohun tó bá ní "Sponsored" nínú. Ẹ lọ síbi "Data collection", ẹ pa á. Ẹ yí ìwákiri padà kúrò lórí Google bí ẹ bá fẹ́. Ẹni tí kò lè fi Chrome sílẹ̀, kó lọ síbi "Third-party cookies" kó dí i pa. Ẹ má sì gbàgbé pé bí ẹ bá ti wọ inú Gmail tí ẹ kò jáde, kò sí bùráúsà tó lè bá yín fi ara pamọ́ fún Google, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti dárúkọ ara yín lẹ́nu ọ̀nà.

Bí wọ́n bá sì gbé ẹ̀dà tuntun dé, kí ẹ tún padà síbi "Settings" náà lọ wò ó. Lọ́dún 2024, inú ẹ̀dà tuntun, ìkejìdínláàádóje, ni wọ́n gbà fi ohun tó ń ka ìpolówó yẹn sínú Firefox, ní títàn.